Táàgì Tí Kò Tí ì Rí Ẹrù

Àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi mọ ilé Àlàájì Múráínà
ló di ọrọ̀ lọ́wọ́ mi ní Òkè-Fíà.
Mo gbọ̀n ọ́n títí èéfín rẹ̀ fi tán,
mo ya á ní awẹ́ awẹ́,
mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́.
Ìwé ti àárín ló dára jù,
ó pọ́n bí àkàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nínú epo.

Mo gé e kó gùn tó ìka àárín mi.
Mo gé igun méjèèjì òkè rẹ̀ dànù
kó lè ní èjìká bí ènìyàn.
Ìgbà náà ni mo tó mú irin Bàbá.

Irin tí wọ́n fi ń lu tíkẹ́ẹ̀tì ni, ní ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo,
nígbà tí ọkọ̀ ṣì máa ń dé lásìkò,
tàbí kó pẹ́, ṣùgbọ́n kó ṣáà dé.
Bàbá á dúró lẹ́nu géètì:
ẹni tó ń lọ Ọ̀fà, kẹ́,
ẹni tó ń lọ Jẹ́bà, kẹ́,
ìyàwó tuntun tó ń sunkún lọ bá ọkọ ní Mínà, kẹ́.
Ihò rẹ̀ rí bí awẹ́ obì.
Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọn ò bi í léèrè irin náà.
Òun náà ò rán wọn létí.

Ìyá Ṣinmiádé, aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ló ń fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ki ìwé bọ̀ ọ́, mo gbàgbé rẹ̀,
ó di ẹ̀kọ.
Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi dọwọ́ bo ikùn.
"Aṣọ kọ́ lèyí, olùkọ́.
Kí i bí ẹni tó ń kánjú kọjá,
má ṣe béèrè ará ilé."

Ọkọ mi Oyèkànmí ní, "Èló lò ń tà á?"
Mo ní n ò tà á.
"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"
Mo ní kò sẹ́nì kan.
Ó wo àtè tó gan mọ́ ìgbọ̀nwọ́ mi,
ó wo ewé tí mo há sínú Bíbélì rẹ̀,
nínú ìwé Léfítíkù, níbi tí kì í ṣí dé,
ó mí kanlẹ̀.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí táàgì aláró kan
lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.
Kókó rẹ̀ wọ́,
bíi ti ẹni tó ta á nínú òkùnkùn.

Mofíyìn, ọmọ ojúlé kejì, bẹ̀ mí ní ọ̀kan
fún ewúrẹ́ ìyá ìyá rẹ̀.
Mo fọn òwú ní ìlọ́po mẹ́ta,
mo kọ ORÍADÉ sí i, mo lẹ òdòdó pupa mọ́ igun rẹ̀.
Kí oòrùn tó wọ̀,
ewúrẹ́ ti jẹ orúkọ ara rẹ̀,
ó ń wo ojú mi bóyá ó kù.

Bàbá máa ń wí pé ẹrù tí kò lámì ni í sọ nù.
N ò bi í nípa àmì tí kò lẹ́rù.

Ọ̀kan wà lójú fèrèsé mi, lórí ìṣó.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rì í bọ aró,
ó mọ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò àárọ̀.
Ewé kan wà níwájú rẹ̀; ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.
N ò mọ ohun tí n ó so ó mọ́.
Atẹ́gùn ń yí i síwá, ń yí i sẹ́yìn.
Mo ti kun ìka mi ní àtè lórí èyí tó kàn.